Tẹlifíṣọ̀n Tí Kò Ní Kókó

"Ìyá wọn, má tíì bọ́ bàtà. Dúró síbẹ̀, kọ́kọ́ wo ògiri ná."

Bí Káfíńtà ṣe kí ìyàwó rẹ̀ káàbọ̀ láti ibi iṣẹ́ nìyẹn. Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, nítorí pé ilé ìfọṣọ tí ó wà ní ìkángun títì ni ó ti ń lọ aṣọ ẹlòmíràn láti ìdájí títí di ọ̀sán. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà pálọ̀, búrẹ́dì lábíyá, òógùn níwájú orí, ó sì wo ògiri bí wọ́n ti ní kí ó wò ó.

Pákó tuntun ni ó rí níbẹ̀. Wọ́n ti fi fáníìṣì kùn ún títí ó fi ń dán bí ojú omi, òórùn rẹ̀ sì ń ta ènìyàn nímú. Láàárín pákó náà, nínú ihò ńlá kan tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ fún un, ni tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kan dúró sí, dúdú minimini, ó fẹ́lẹ́ bí àwo ìjẹun. Ojú Alágbàfọ̀ kúrò lára ògiri, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èyí tí ó yọ ikùn sẹ́yìn, wà nígbà tí ó ń jáde nílé láàárọ̀. Eruku nìkan ni ó ṣẹ́kù níbẹ̀.

"Ti Màmá dà?" ni ó bèèrè.

"Ti Màmá bíi ti báwo?"

"Tẹlifíṣọ̀n wọn. Oníkùn tó wà níbẹ̀ yẹn."

"Mo ti fi ṣe pààrọ̀. Má-Kẹ̀yìn gbà á mọ́ owó èyí."

Má-Kẹ̀yìn ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ta ẹ̀rọ ní oríta. Igbe tí ó ń ké nínú gbohùngbohùn rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: "Má kẹ̀yìn, ayé ti lọ! Má kẹ̀yìn, ayé ti lọ!"

Ìyá tí ó bí Káfíńtà jókòó sórí àga rẹ̀ ní igun pálọ̀, ó kọ ojú sí ibi tí kò sí nǹkan kan mọ́. Gbogbo ilé ń pè é ní Ìyá Àgbà.

"Ìyàwó mi, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí. "Ṣé búrẹ́dì yẹn ṣì gbóná?"

"Ó gbóná, Màmá. Mo ń bọ̀ wá gé e fún yín." Ó yí padà sí ọkọ rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá wọn, ṣé a ò ti jọ sọ ọ́ tán ni? A ní dikódà la máa rà."

"Ìwọ lo ní dikódà. Èmi ń gbọ́ ọ lásán ni. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa pa ìgbì àtijọ́ tí oníkùn fi ń gbé àwòrán. Má-Kẹ̀yìn ní tí ilẹ̀ bá ti ṣú, òkúta lásán ni gbogbo oníkùn."

"Irọ́ ló pa fún yín. Dikódà kékeré kan ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn lẹ́yìn. Oníbàárà wa kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi níbi tí mo ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ìkànnì kan ṣoṣo ni Màmá ń gbọ́. A ó ṣí dikódà síbẹ̀, a ò ní pa á. Kókó tí wọ́n fi ń tan nǹkan wọn, kókó tí wọ́n fi ń gbé ohùn ẹ̀ sókè, gbogbo ẹ̀ á wà bó ṣe wà. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí le ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kò le, ẹni tí ó bá mọ ilé yìí ni yóò sì mọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Ìyá Àgbà kò ríran mọ́. Gbígbọ́ ni ó ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n, kì í wò ó. Bí gbogbo ilé bá ti jáde tán, yóò dìde, yóò fi ọwọ́ tọ ẹ̀yìn àga dé etí tábìlì, láti etí tábìlì dé ara oníkùn náà, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì bá kókó ńlá tí ó wà lábẹ́ gíláàsì. Yóò yí i, yóò dún kàù, ohùn ènìyàn yóò sì wọ inú ilé. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni ó ń pè é. Kì í bẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó gbọ́ ọ, kì í sì í bẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó pa á. Lọ́sàn-án, nígbà ètò àwọn tí ń bá ara wọn ṣẹjọ́, àwọn tí ń kọjá ní títì a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé: "Irọ́ lò ń pa, ìwọ ọkùnrin yìí! Ẹ bi í léèrè ibi tó sùn!" Bí adájọ́ inú ètò náà bá dá ẹjọ́ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò yí kókó, yóò sì tú ilé-ẹjọ́ ká.

"Ó ń gbóná bí ààrò," ni Káfíńtà wí. "Ó ń jẹ iná. Àwòrán ẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú."

"Ta ló ń wo àwòrán ẹ̀?"

"Èmi ń wò ó! Ṣé èmi kì í ṣe ara ilé ni?" Ó ju àkísà tí ó fi ń nu fáníìṣì sílẹ̀. "Ìyá wọn, gbọ́ mi dáadáa. Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe? Mò ń kan pákó tẹlifíṣọ̀n mọ́ ògiri àwọn olówó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan wọ pálọ̀ yìí, ó fẹ́ wo irú iṣẹ́ tí mo lè ṣe. Ó rí oníkùn yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Káfíńtà, ṣé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lò ń gbé ni?' Kò padà wá mọ́. Ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ yẹn. Ṣé Màmá máa jẹ Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni?"

Alágbàfọ̀ wo igun ibi tí ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí. Ìyá Àgbà ń fi àtàǹpàkò pa etí aṣọ rẹ̀ pọ̀, ó ń tú u, ó ń pa á pọ̀.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, kò sì dúró kí wọ́n dá a lóhùn. Ìyá Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò wọn, ni ó wọlé, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ kú orí ire o! Mo rí Káfíńtà nígbà tó ń gbé e wọlé láàárọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kan ilẹ̀. Mo ní tí mo bá ti yọ búrẹ́dì tán, màá wá bá wọn yọ̀." Ó sún mọ́ ògiri, ó fi ọwọ́ lérán. "Háà! Ó dára o. Ṣùgbọ́n Káfíńtà…"

"Kí ni?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Sọ ọ́ jàre."

"Ààyè tó ṣẹ́kù lápá ọ̀tún àti lápá òsì yìí ńkọ́? Àbí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Lójú tèmi o, ó dà bí ọmọ tó wọ ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ sí ilé ìwé."

Ara Káfíńtà bù máṣọ. Láti àárọ̀ ni òun náà ti rí i, ó kàn ń sọ fún ara rẹ̀ pé ojú òun ni. Ó fa téèpù yọ lápò, ó nà án láti etí kan tẹlifíṣọ̀n náà dé etí kejì, ó wò ó, ó tún nà án.

"Méjìdínlógójì," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó pariwo: "Íǹṣì méjìdínlógójì! Mẹ́tàlélógójì ló pè é fún mi! Ẹnu ẹ̀ ló fi sọ ọ́, mo sì gé pákó mi sí mẹ́tàlélógójì géérégé! Ó ti rẹ́ mi jẹ! Èyí tó kéré ló gbé fún mi!"

"Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí ààrò mi," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí, ó sì yára jáde, ẹ̀rín ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìgbà yìí ni inú Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ dùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó hàn lójú. Bí ọkọ òun bá fẹ́ dá nǹkan padà fún Má-Kẹ̀yìn, a jẹ́ pé Má-Kẹ̀yìn náà ní nǹkan tí yóò dá padà. Ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀.

"Mo ń bá yín lọ," ni ó wí. "Ẹ̀yin nìkan ò lè gbé e."

"Ṣé ẹ ń jáde ni?" ni Ìyá Àgbà bèèrè.

"A ò ní pẹ́, Màmá."

Ìyá Àgbà la ẹnu bí ẹni tí ó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì pa á dé. Àwọn méjèèjì ti gbé tẹlifíṣọ̀n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bá ara wọn ṣe wàhálà nípa ẹni tí yóò fi ẹ̀yìn rìn.

Gbohùngbohùn Má-Kẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ pàdé wọn ní oríta. Èrò pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí pé gbogbo ìlú ni ìbẹ̀rù ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ti lé jáde, tí oníkálukú sì gbé oníkùn tirẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tí ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù.

"Ọ̀gá mi!" Má-Kẹ̀yìn na ọwọ́ méjèèjì. "Ṣé ẹ ti padà wá ra èkejì ni?"

"Olè ni ẹ́!"

"Ẹ fara balẹ̀, ọ̀gá mi, àwọn oníbàárà wà níbí."

"Kí wọ́n gbọ́! Mẹ́tàlélógójì lo tà fún mi, méjìdínlógójì lo gbé fún mi. Káfíńtà ni mí! Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní ìwọ̀n?"

Má-Kẹ̀yìn kò bínú. Ó gba téèpù lọ́wọ́ Káfíńtà, ó fi orí rẹ̀ kan igun òkè lápá òsì, ó sì fà á wálẹ̀ gbọọrọ dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

"Ẹ kà á fún mi, bàbá."

Káfíńtà kà á: mẹ́tàlélógójì géérégé ni.

"Láti igun dé igun ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Kò síbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n yẹn."

"Ta ló gbé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kalẹ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀kùn nìyẹn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọn bẹ́ẹ̀dì nìyẹn?"

"Bàbá, ṣé ilẹ̀kùn lẹ fẹ́ máa wò ni?"

Ẹ̀rín bú gbàmù láàárín èrò. Ọkùnrin kan tí ó gbé oníkùn lérí rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Káfíńtà ká téèpù rẹ̀ padà. Ó pẹ́ kí ó tó ká a tán.

Alágbàfọ̀ bọ́ síwájú. "Arákùnrin, ẹ ṣáà gbà á padà. Ẹ fún wa ní tiwa, kí ẹ fi dikódà kan kún un. A ti parí ìjà."

"Èwo ni tiyín, mọ́mì?"

"Oníkùn tí wọ́n gbé wá láàárọ̀. Àmì áyọ́ọ̀nù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ibi tí mo ti jó o."

Má-Kẹ̀yìn fi ẹnu júwe ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Alágbàfọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Òkìtì tẹlifíṣọ̀n ni ó rí lórí ilẹ̀, tí ọkùnrin méjì jókòó sí àárín wọn pẹ̀lú òòlù, tí wọ́n ń fọ́ wọn lẹ́yìn, tí wọ́n ń fa wáyà pupa inú wọn yọ bí ẹni tí ń tu ìfun ẹran. Kò pẹ́ kí ó tó rí àmì áyọ́ọ̀nù náà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ikùn rẹ̀ ti là sí méjì, ojú gíláàsì rẹ̀ dojú bolẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà gbé ojú sókè.

"Ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn, mọ́mì. Gíláàsì wà níbẹ̀."

Nígbà tí ó padà sí iwájú, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ṣé ẹ ní èyí tó ní kókó? Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí?"

"Kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́. Rìmóòtù ló kù láyé."

"Àwọn tí kò ríran ńkọ́?"

Má-Kẹ̀yìn wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìdánwò. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀rọ̀ náà kò wá sọ́kàn rẹ̀ rí ni.

"Mọ́mì, tẹlifíṣọ̀n là ń sọ. Kí lẹni tí kò ríran fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n ṣe?"

Alágbàfọ̀ retí kí ọkọ rẹ̀ sọ nǹkan kan. Káfíńtà ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Mo lè gba tuntun padà o," ni Má-Kẹ̀yìn tún wí, ó fẹ́ ṣe dáadáa. "Mo lè fún yín ní dikódà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé dikódà délé, kí lẹ máa so ó mọ́?"

Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ padà sílé, ọkọ níwájú, ìyàwó lẹ́yìn. Àárín ọ̀nà ni wọ́n wà tí Káfíńtà fi sọ̀rọ̀.

"Ó yẹ kí o ti sọ fún mi pé wọ́n máa ń fọ́ wọn."

"Ṣé èmi ni mo gbé e lọ?"

"Mi ò ní kí wọ́n fọ́ ọ."

"O ò ní kí wọ́n má fọ́ ọ náà. Gbogbo ohun tí o rò ni ẹ̀rín oníbàárà. O ò rántí pé ẹnì kan wà nílé."

Káfíńtà dúró lójijì, tẹlifíṣọ̀n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. "Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn lójú títì?"

"Ìwọ ni," ni Alágbàfọ̀ wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Rìn, jàre. Ọwọ́ ń dùn mí."

Ó sì rìn.

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n pa ìgbì àtijọ́ lóòótọ́. Igbe sọ láti ilé kan dé èkejì, àwọn aládùúgbò tí kò tíì ra tuntun sì kún pálọ̀ Káfíńtà fọ́fọ́. Wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. "Ẹ wo òógùn nímú gólì yẹn!" "Kódà ẹ lè ka irun ọwọ́ rẹ̀!" Ẹnikẹ́ni kò purọ́; ojú tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ gaara, kò gbọ̀n, kò gbóná. Ìyá Oníbúrẹ́dì wo ààyè tí ó ṣẹ́kù lọ́tùn-ún lósì, ó wo ojú Káfíńtà, ó sì fi búrẹ́dì dí ẹnu ara rẹ̀. Wọ́n ti ti àga Ìyá Àgbà sí ẹ̀yìn kí àwọn èrò lè ráyè. Nígbà tí wọ́n bá hó, yóò yí orí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dákẹ́, yóò dúró.

Alágbàfọ̀ kò wo bọ́ọ̀lù. Ẹ̀wà rẹ̀ ń hó lórí iná, òun sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ó ń rán nǹkan. Aṣọ tí ó nípọn ni ó mú, ó ń rán an bí àpò tí yóò gba rìmóòtù, ó sì gé ihò méjì péré sí i: ọ̀kan fún ibi tí wọ́n fi ń tan án, ọ̀kan fún ibi tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè. Gbogbo bọ́tìnnì yòókù, tí wọ́n pọ̀ bí ìyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n sì jọ ara wọn, ni yóò fara pamọ́ sábẹ́ aṣọ náà. Inú ń bí i bí ó ti ń rán an. Ó gún ara rẹ̀ ní ìka lẹ́ẹ̀mejì, kò sì fá a lá.

Bọ́ọ̀lù parí. Káfíńtà pa tẹlifíṣọ̀n, àwọn èrò sì tú ká pẹ̀lú ẹ kú ilé, ẹ kú orí ire. Ó ku àwọn mẹ́ta. Alágbàfọ̀ gba rìmóòtù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ ní àpò náà, ó sì kúnlẹ̀ síwájú àga ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ mú un. Ihò méjì ni mo gé sí i. Ẹ fi ìka wá èyí tó wà lókè."

Ìyá Àgbà gbà á. Ìka rẹ̀ rìn lórí aṣọ, ó rí ihò òkè.

"Èyí?"

"Òun ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tàn lójú ògiri. Káfíńtà pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i? Mo ní kò le! Ìyá wọn, o gbọ́n o, Ọlọ́run!"

Ìyá Àgbà tẹ́tí sílẹ̀. Ó gbé orí sókè díẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ó bá ń retí Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀.

"Ṣé ó ti tàn?"

"Ó ti tàn, Màmá," ni Káfíńtà wí. "Ó tàn rekete."

"Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀?"

Alágbàfọ̀ yí ojú padà. Àwòrán kéékèèké ni ó kún ojú tẹlifíṣọ̀n náà láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n tò jọ bí ọjà orí àtẹ kí ènìyàn lè yan èyí tí ó fẹ́, ọ̀kan nínú wọn ń tàn ju àwọn yòókù lọ, kò sì sí ohùn kankan níbẹ̀. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń kọjá ibẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Àní bí ó bá gé ihò mẹ́wàá mìíràn sí i, ẹni tí yóò lò ó ní láti rí ohun tí ó ń tẹ̀. Ó wo abẹ́rẹ́ tí ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí ni, Màmá," ni Káfíńtà wí. Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Kò tíì sọ̀rọ̀. Ó ń… ó ń dúró dè yín ni."

"Ó ń dúró dè mí?"

"Ó ń bèèrè pé kí lẹ fẹ́."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ láàárín òkùnkùn tirẹ̀, ó sì gbé rìmóòtù náà lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ àti ihò rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ni ó wí. "Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń bá ara yín jà nítorí mi, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ohun tí mo fẹ́."